‘Kò Sí’ àbí ‘A Kò Rí I’: Ìtàn Àwọn Èròjà Áńtíbọ́dì fún Rírẹ Sẹ́ẹ̀lì Láró àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ìfọ́n àti Agbègbè Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn àwọn èròjà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń lò láti fi áńtíbọ́dì rẹ sẹ́ẹ̀lì àti ẹran ara láró kí wọn tó wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù. A bẹ̀rẹ̀ láti orí aró lásán ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a gba orí iṣẹ́ Albert Coons ní ọdún 1941 kọjá, a sì gúnlẹ̀ sórí ìwádìí méjì nípa jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n jáde ní ọdún 2008 àti 2009, tí Ìbàdàn wà nínú wọn, ṣùgbọ́n tí èsì wọn kò bára mu. Ohun tí a rí dì mú ni pé bí aró kò bá mú ẹran ara, ó lè jẹ́ pé ohun tí a ń wá kò sí níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà tọ́jú ẹran náà ni ó fi í pamọ́. Nítorí náà, a dábàá pé kí àwa tí a ń fi èdè Yorùbá túmọ̀ èsì àyẹ̀wò fún aláìsàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘kò sí’ àti ‘a kò rí i’.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó sọ̀rọ̀ dé Berlin, Boston àti Cambridge, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró ní ilé. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oròlú, àti Ìlobùú, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, jẹ́ ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọn kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òrìṣà funfun, tí àwọn olùsìn rẹ̀ gbà pé òun ni Ọbàtálá tí ó ń mọ ara ènìyàn bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ìlobùú ni a mọ̀ mọ́ Erinlẹ̀, òrìṣà tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń tọ̀ lọ fún ìwòsàn. Òṣogbo ní tirẹ̀ ni ìlú aró; a kò lè sọ ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ láìmẹ́nu ba ìkòkò aró Ọ̀ṣun tí igi wó lù. Ẹni tí ó ń mọ ara, ẹni tí ó ń wo ara sàn, àti ẹni tí ó ń rẹ aṣọ láró: iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pàdé nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ìmọ̀ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí oníṣègùn bá gé díẹ̀ lára kókó tí ó wà nínú ọyàn aláìsàn, ó ń fi í ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Ẹran tín-ín-rín yìí kò ní àwọ̀ kan pàtó. Ó dà bí aṣọ funfun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ aláró. Aró lásán yóò fi bí sẹ́ẹ̀lì ti rí hàn. Ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan pàtó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, tí ó sì jẹ́ pé lórí ohun yẹn ni yíyan oògùn yóò dúró, aró lásán kò tó. Ó nílò aró tí yóò dá ohun kan ṣoṣo mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun. Áńtíbọ́dì ni ó sọ irú aró bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó ṣeé ṣe.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí irú aró bẹ́ẹ̀ kò bá mú, kí ni ó yẹ kí a gbà gbọ́?

2.0 Aró ṣáájú áńtíbọ́dì

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ aró mọ̀ pé aró kì í ṣe omi aláwọ̀ lásán. Wọ́n ń gún ewé èlú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń fi omi eérú rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lè mú aṣọ. Bí omi eérú kò bá dára, tàbí tí ọjọ́ kò tíì pé, aṣọ yóò wọ inú ìkòkò, yóò sì jáde láìgba aró dáadáa. Ẹni tí ó bá rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé aṣọ náà ni kò ṣeé rẹ láró. Ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ yóò yọ ní àwọ̀ tí aṣọ ní tẹ́lẹ̀. Òwú tí ó wà níbi tí aró kò dé kò yàtọ̀ sí òwú tí ó wà níbi tí aró dé. Ohun kan ni ó dínà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aró aṣọ kùn ẹran ara. Ní ọdún 1865, Böhmer lo hematoxylin, tí a ń rí lára igi kan tí ó ń hù ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó sì pò ó mọ́ álọ́ọ̀mù kí ó lè di ẹran mú. Eosin, aró pupa tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣe ní Jámánì, dara pọ̀ mọ́ ọn ní àwọn ọdún 1870. Ẹ̀yọ àárín sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, ìyókù sì di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Títí di òní olónìí, aró méjì yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ẹran ara káàkiri ayé.

Ní ọdún 1893, Ferdinand Blum, oníṣègùn ará Jámánì kan, ṣàkíyèsí pé fọ́málíìnì tí ó ń lò láti pa kòkòrò àrùn mú kí awọ ìka ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ le. Ó dán an wò lára ẹran, ó sì rí i pé ẹran náà kò jẹrà mọ́. Láti ìgbà náà ni fọ́málíìnì ti di ohun tí a fi ń pa ẹran ara mọ́ kí ó má bàa bàjẹ́. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a ó ti rí i níwájú, fọ́málíìnì tí ó ń pa ẹran mọ́ náà ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

3.0 Láti inú ẹ̀jẹ̀ sí inú ìmọ́lẹ̀: 1890 sí 1954

Ní ọdún 1890, Emil von Behring ará Jámánì àti Shibasaburo Kitasato ará Jàpáànù fi hàn ní Berlin pé bí a bá fún ẹranko ní ìwọ̀nba májèlé àrùn ipá tàbí ti gbọ̀fungbọ̀fun, omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà yóò ní ohun kan tí ó lè borí májèlé náà. Ohun yẹn ni a wá ń pè ní áńtíbọ́dì. A lè pè é ní ẹ̀ṣọ́ ara. Ìwà rẹ̀ tí ó ya ni lẹ́nu jù ni pé ó ń ṣa ẹni tí yóò mú: èyí tí ara ṣe nítorí ipá kì í mú gbọ̀fungbọ̀fun. Ohun tí áńtíbọ́dì ń dá mọ̀ tí ó sì ń dì mú ni a ń pè ní áńtíjìn.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mú ìwà yìí wọ inú iṣẹ́ aró lọ́nà tí ó gbéṣẹ́ nínú ẹran ara. Albert Coons, ọ̀dọ́ oníṣègùn ní Boston, ni ó ro ó nígbà tí ó wà ní Berlin ní ọdún 1939. Ó ń wá ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ara kòkòrò àrùn kan wà nínú ọgbẹ́ ọkàn tí àrùn lákùúrègbé máa ń dá sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá so àtùpà mọ́ ẹ̀ṣọ́ lára, ibi tí a bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀tá wà. Nígbà tí ó padà sí Yunifásítì Harvard, òun àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, Hugh Creech àti Norman Jones, so ohun tí ó ń tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ultraviolet mọ́ áńtíbọ́dì tí ó ń mú kòkòrò pneumococcus, èyí tí ó ń fa òtútù àyà. Iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1941.

Ìṣòro kan yọjú lójú ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò jẹ́ àwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ ẹran ara fúnra rẹ̀ máa ń tàn ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Wọn kò mọ èyí tí í ṣe ti ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ti ilé. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí fluorescein tí ó ń tàn ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1942. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtàn yìí ti jẹ́ ìtàn ìfura: ohun tí a rí, ǹjẹ́ òun ni a ń wá? Ohun tí a kò rí, ǹjẹ́ kò sí ní tòótọ́?

Ní ọdún 1954, Weller àti Coons lo ọ̀nà onípele méjì. Áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ a mú áńtíjìn, láìní ìmọ́lẹ̀ kankan lára. Áńtíbọ́dì kejì, tí ó ní ìmọ́lẹ̀, a wá mú áńtíbọ́dì àkọ́kọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àtùpà kan lè sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣọ́. Bí a bá rí áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ lára ehoro, a lè mú èyí tí ewúrẹ́ ṣe lòdì sí ti ehoro láti fi ṣe ìkejì. Ọ̀nà yìí ni ó sọ èròjà náà di ọjà tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu.

4.0 Láti inú ìmọ́lẹ̀ sí inú àwọ̀: 1966 sí 1991

Bí ó ti wù kí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ dára tó, ó ní ààlà. Ó nílò yàrá tí ó ṣókùnkùn àti maikirosíkóòpù pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣá. Ẹran tútù tí a mú dì bíi yìnyín ni ó sì dára fún jù lọ. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò bá ti dúró, èyí nìkan tó láti sọ ọ́ di ohun àrífọkàn-fẹ́.

Ní ọdún 1966, Paul Nakane àti Barry Pierce ní Yunifásítì Michigan mú ohun mìíràn wá dípò àtùpà. Wọ́n so ẹ́ńsáìmù peroxidase, tí a ń rí nínú gbòǹgbò ewéko tí a ń pè ní horseradish, mọ́ áńtíbọ́dì. Bí a bá da hydrogen peroxide àti èròjà tí a ń pè ní DAB sí i, ẹ́ńsáìmù náà yóò sọ DAB di àwọ̀ rúsúrúsú ní ibi tí áńtíbọ́dì bá wà gan-an, bí oje obì tí ó ta sí aṣọ funfun tí kò ṣeé fọ̀ kúrò. Maikirosíkóòpù lásán ti tó láti wò ó. Ní ọdún 1970, Ludwig Sternberger mú kí ẹ́ńsáìmù pọ̀ sí i níbi kan náà. Ní ọdún 1981, Hsu, Raine àti Fanger lo avidin, tí ó wà nínú funfun ẹyin adìẹ, àti fítámì kan tí ó ń jẹ́ biotin, tí àwọn méjèèjì máa ń di ara wọn mú bí eṣinṣin àti oyin. Ohun tí ó kéré gan-an wá ń hàn kedere.

Ní ọdún 1974, Clive Taylor àti Burns ní Oxford fi hàn pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe lára ẹran tí a ti fi fọ́málíìnì pa mọ́ tí a sì ti rì sínú ìda. Èyí ṣe pàtàkì fún irú ibi tiwa. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò nílò yìnyín. Ó lè rin ìrìn àjò, ó sì lè wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge yanjú ọ̀rọ̀ orírun áńtíbọ́dì. Ṣáájú wọn, inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni a ti ń rí i, oríṣiríṣi áńtíbọ́dì ni ó sì ń wà pa pọ̀ níbẹ̀. Bí ehoro náà bá kú, àpò rẹ̀ tán; ehoro mìíràn kò ní ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Köhler àti Milstein pa sẹ́ẹ̀lì eku tí ó ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Ọmọ tí wọ́n bí jogún ìyá, ó jogún bàbá: ó ń ṣe áńtíbọ́dì onírú kan ṣoṣo, kì í sì í ṣíwọ́. Wọn kò gba àṣẹ onínǹkan lórí ọ̀nà náà, gbogbo ayé sì rí i lò. Àwọn méjèèjì àti Niels Jerne gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1984.

Síbẹ̀, ìṣòro fọ́málíìnì kò tán. Fọ́málíìnì ń so àwọn èròjà purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn débi pé áńtíbọ́dì kì í lè dé ibi tí ó yẹ kí ó dì mú. Ohun tí a ń wá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lábẹ́ ìbòrí, bí òwú ti wà lábẹ́ ẹ̀kọ àdìrẹ. Ní ọdún 1991, Shi, Key àti Kalra tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n fi ẹran orí gíláàsì sínú omi èròjà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ máíkírówéèfù sè é. Híhó omi yẹn tú ìdè fọ́málíìnì, àìmọye áńtíjìn tí a ti rò pé ó sọnù sì padà yọjú. Òyìnbó tí ó ṣe léèdì náà ni ó ṣe ìrésà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ èsì ‘kò sí’ tí a ti kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀ jẹ́ ‘a kò rí i’.

5.0 Ilẹ̀ wa nínú ìtàn náà

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ní Uganda ní ọdún 1958, tí Epstein, Achong àti Barr sì rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ọdún 1964, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ Coons ni tọkọtaya Henle ní Philadelphia lò ní ọdún 1966 láti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní áńtíbọ́dì sí fáírọ́ọ̀sì náà. Ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì, ìyẹn UCH, ní ọdún 1957, ẹ̀ka ìmọ̀ àrùn bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní ọdún 1960 lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Edington. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹran ara tí a rì sínú ìda àti ìwé tí ó ń sọ ti ẹni tí ó ni ín ti wà nílẹ̀ kí áńtíbọ́dì tó di ohun tí a ń lò lójoojúmọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan aláìsàn gbọ̀ngbọ̀n ni jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn jẹjẹrẹ ọyàn kan ń gba agbára láti ara họ́mónì obìnrin tí a ń pè ní estrogen, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì wọn ní ohun tí ó ń gba họ́mónì náà mọ́ra. A ó pè é ní olùgba estrogen. Elwood Jensen ní Yunifásítì Chicago ni ó ṣíwájú nínú ìwádìí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹran tútù tí a mú dì ni a fi ń wá a. Ní ọdún 1980, Geoffrey Greene, Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ lórí áńtíbọ́dì onírú kan ṣoṣo tí ó ń mú un jáde, nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1990, a ti ń rí i lára ẹran inú ìda. Ẹni tí olùgba yìí bá wà nínú jẹjẹrẹ rẹ̀ lè lo tamoxifen, oògùn oníhóró tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1970. A tún ń wá olùgba progesterone àti HER2. Oògùn trastuzumab, tí ó ń gbógun ti HER2, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, èròjà àyẹ̀wò tí a fi ń wá HER2 sì gba àṣẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lórí ohun mẹ́ta yìí ni yíyan ìtọ́jú dúró lé. Jẹjẹrẹ tí a kò bá rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára rẹ̀ kò ní gbọ́ ti tamoxifen tàbí ti trastuzumab.

Ní ọdún 2008, Adebamowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ èsì jáde lórí àwọn obìnrin 192. Wọ́n rí olùgba estrogen nínú ìdá 65.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2009, Huo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Olufunmilayo Olopade wà lára wọn, tẹ tiwọn jáde. Olopade kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1980, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago. Wọ́n kó ẹran ara àwọn obìnrin 507 jọ láti Nàìjíríà àti Senegal, tí a ti mọ àìsàn wọn láàárín ọdún 1996 sí 2007. 378 ni wọ́n rí àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe dáadáa. Ìdá 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti rí olùgba estrogen, ó sì lé ní ìdajì wọn tí a kò rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára rẹ̀.

Ìdá 65 àti ìdá 24! Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òtítọ́ fún gbogbo obìnrin wa, tamoxifen yóò wúlò fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ti ìkejì bá jẹ́ òtítọ́, kò ní wúlò fún mẹ́ta nínú mẹ́rin. Báwo ni a ó ṣe gbọ́ ẹ̀rí àwọn méjèèjì?

Lójú tiwa, kò yẹ kí a sọ pé ẹnì kan purọ́ tàbí pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe. Ẹran tí wọ́n wò kò jọra: ọ̀kan jẹ́ ti Ìbàdàn, èkejì wá láti ibi púpọ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà, ẹ̀rí wà láti ibòmíràn pé ìyàtọ̀ gidi wà nínú ara. Ìwádìí kan ní North Carolina, tí Carey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, rí i pé irú jẹjẹrẹ kan tí kì í sábà ní àwọn olùgba wọ̀nyí wà nínú ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí nǹkan oṣù wọn kò tíì dáwọ́ dúró, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 16 péré láàárín àwọn obìnrin tí kì í ṣe adúláwọ̀. A kò lè fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà di fọ́málíìnì lẹ́rù. Ṣùgbọ́n a kò lè fi gbogbo rẹ̀ di ẹ̀jẹ̀ àti ìran lẹ́rù pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn tí a ti sọ bọ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Bí ẹran bá pẹ́ kí ó tó dé inú fọ́málíìnì, áńtíjìn inú rẹ̀ yóò ti máa bàjẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ìdè rẹ̀ yóò le. Ìkòkò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kí a tó bi aṣọ.

6.0 Ọ̀nà tí ó jáde láti Ìfọ́n

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní Ìfọ́n tàbí Ìlobùú tí ó rí kókó nínú ọyàn rẹ̀. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára rẹ̀ nítòsí ilé, ẹran náà ní ìrìn láti rìn: bóyá sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ ti LAUTECH tẹ́lẹ̀, bóyá sí Ilé-Ifẹ̀, bóyá sí Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà yìí ni ohun púpọ̀ ti lè bàjẹ́ kí áńtíbọ́dì kankan tó kan ẹran náà.

Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ àti ti àwọn onímọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní ọdún 2010 sọ ohun tí ó yẹ. Kí ẹran wọ inú fọ́málíìnì láàárín wákàtí kan tí a gé e. Kí fọ́málíìnì náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí a ti pò dáadáa kí ó má kan. Kí ẹran wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí ó má sì ju wákàtí 72 lọ. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà bá gba aró, kí a kà á sí pé olùgba wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ìlànà yìí tí ó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Agogo, ìgò tí ó tóbi tó, àti ẹni tí yóò kọ àkókò sára ìgò náà ni wọ́n nílò. Bí ọyàn odindi ni a gé, kí a là á kí fọ́málíìnì lè wọ inú rẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé. Kí fọ́málíìnì sì pọ̀ ju ẹran lọ dáadáa, ní ìlọ́po mẹ́wàá bí ó bá ṣeé ṣe.

Nínú yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ń fẹ́ kí a tọ́jú òun sínú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ilẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ tí ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ńlá nìyí. Ìgò áńtíbọ́dì tí ó ti bàjẹ́ kì í yí àwọ̀ padà, kì í sì í rùn. Yóò kàn dákẹ́ ni. Ìdí nìyí tí aláyẹ̀wò rere fi ń gbé ẹlẹ́rìí méjì kalẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni gíláàsì mìíràn tí ó mọ̀ dájú pé ohun tí a ń wá wà lórí rẹ̀, tí yóò rẹ láró pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ti èkejì wà nínú ẹran aláìsàn fúnra rẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì ọyàn tí ara wọn dá, tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ, ni a mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ní olùgba estrogen. Bí gíláàsì àkọ́kọ́ bá gba aró, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara wọn dá yìí kò gbà rárá, a jẹ́ pé ọ̀nà ni ẹran náà ti bàjẹ́. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ‘kò sí’. Ẹlẹ́rìí inú ilé ti jẹ́rìí pé ìkòkò ni kò dára.

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìwé èsì bá dé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a ń kọ síbẹ̀, tí a sì ń túmọ̀ fún ìyá náà pé ‘kò sí’. Ní etí Yorùbá, ‘kò sí’ lórí ọ̀rọ̀ àìsàn jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kòkòrò kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa dúpẹ́. Ìyá tí ó gbọ́ ‘kò sí’ lẹ́ẹ̀mẹta lè kúnlẹ̀ kí ó sì rò pé jẹjẹrẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí ohun tí ìwé ń sọ jẹ́ pé ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ dín. Àbá wa ni pé kí a máa sọ pé: ‘Jẹjẹrẹ wà. A wá ohun mẹ́ta nínú rẹ̀ tí oògùn lè bá jà. A kò rí wọn.’ Gbólóhùn yìí kò tan aláìsàn jẹ. Ó tún ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti béèrè pé: ‘Ẹ dákun, dókítà, ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara wọn dá gba aró?’

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i bí aró aṣọ ṣe di aró ẹran, bí ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe di aláró, àti bí ìran onímọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí ohun tí ìran tí ó ṣáájú ti kọ sílẹ̀ pé kò sí. Coons pààrọ̀ ìmọ́lẹ̀, ó sì rí i. Taylor àti Burns yẹ inú ìda wò, wọ́n sì rí i. Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ se omi, wọ́n sì rí i. Ìwádìí ọdún 2008 àti ti 2009 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí ní ilẹ̀ wa, àti pé ìlera àwọn ìyá wa ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

A rọ àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké ní agbègbè Ìfọ́n, Ìlobùú àti Òṣogbo láti máa kọ wákàtí tí a gé ẹran àti wákàtí tí ó wọ fọ́málíìnì sára ìgò. A rọ àwọn yàrá àyẹ̀wò láti máa kọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ sínú èsì. A sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá láti bá àwọn oníṣègùn jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èsì, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Aláró kì í dá aṣọ lẹ́bi kí ó tó tọ́ omi eérú wò. Kí àwa náà má ṣe sọ ‘kò sí’ fún ìyá ẹnikẹ́ni, títí a ó fi mọ̀ pé a wá a dáadáa.